Bàtà Tó Já Kì í Ṣe Ohun Ìfipamọ́

Ràímì Àkànní, ọmọ mi,

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo jókòó sí Mabera, tí mo ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó ń gbé nínú ìlú Sókótó kan náà pẹ̀lú mi, á ní orí ìyá arúgbó yìí ti dàrú. Kó máa wí. Mo ti wá sí ọ́fíìsì rẹ títí ó fi sú mi. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, aago ọwọ́ rẹ lo máa ń wò. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ Sátidé." Sátidé á dé, wàá ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè ọ́. Ó dáa. Lẹ́tà kì í rí ẹni tó ń wo aago, kò sì mọ "ẹ ṣe sùúrù ná, Ìyá." Jókòó, kí o kà á tán. Mo ti sọ fún Sàfú ìyàwó rẹ pé kó má gbé oúnjẹ síwájú rẹ títí wàá fi ka ojú ewé tó kẹ́yìn, ó sì ti gbà fún mi.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ wí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ. O kú iṣẹ́. Inú mi dùn nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn gbà ọ́ pé kí o wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. Inú mi tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí prínsípà yín fún ọ ní yàrá ńlá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, tó ní kí o sọ ọ́ di yàrá ìwádìí. Ó ní kó jẹ́ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa dán nǹkan wò, ì báà jẹ́ awọ, ì báà jẹ́ aṣọ, ì báà jẹ́ igi, kí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú yìí sì máa rí ohun tó wúlò fún wọn mú níbẹ̀. Kò sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Sókótó tí mi ò sọ fún. Mo sọ fún ẹni tó bi mí, mo sọ fún ẹni tí kò bi mí. Ẹni tó ń ta kánún fún mi mọ̀ pé ọmọ mi ní yàrá ìwádìí, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo ti kí ọ tán. Ó yá.

Ràímì, kí ló ṣe ọ́?

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, aládùúgbò mi bẹ̀ mí pé kí n bá òun ra àgbò ìsọmọlórúkọ, torí ó mọ̀ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà lédè Háúsá. Mo gba Kasuwar Kara lọ. Sálúbàtà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ṣe, tí ẹ fún mi lọ́jọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ yín, ni mo wọ̀, torí mo fẹ́ kí ayé rí i. Ta ni mo pàdé níbẹ̀? Alájì Danládì, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ awọ, ọkùnrin tí mo fà ọ́ lọ́wọ́ lọ bá nílé rẹ̀ torí pé mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà. O mọ bí àwọn ará ibí ṣe ń kíni. Ó béèrè bóyá mo jí ire. Ó béèrè àárẹ̀, ó béèrè ooru, ó béèrè ilé. Ó béèrè Sàfú. Ó béèrè àbúrò rẹ tó wà ní Ìlọrin. Ó béèrè ewúrẹ́ mi tó bímọ, wallahi, ó rántí ewúrẹ́! Kò béèrè rẹ.

Mo dúró, mo ń retí. Mo rò pé ó fi orúkọ rẹ sí ìgbẹ̀yìn ni. Ó ní, "Tò, Màlámà, sai an jima," ó dágbére, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Àkànní, bí o bá pẹ́ nílẹ̀ yìí tó mi, wàá mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fò dá nínú ìkíni, ó ti kú, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ṣẹ ẹni tó ń kíni. Ìwọ kò sì kú.

Mo sáré tẹ̀lé e. Ibi tí mo ti ń sáré láàárín àwọn àgbò, ní ọjọ́ orí mi yìí, ni ọ̀já sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ti já. Díẹ̀ ló kù kí n fi imú gbálẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta àgbò ló gbá mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi okùn tí wọ́n fi ń so àgbò bá mi so bàtà náà mọ́ ẹsẹ̀. Alájì yíjú padà, ó wo ẹsẹ̀ mi. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Màlámà, ṣé awọ mi nìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ṣé èyí nìkan ló já?" Mo ní mi ò mọ̀.

Ìgbà yẹn ló tó tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ síta. Ó ní òun fún ọ ní awọ, òun kò gba kọ́bọ̀. Ó ní òun ṣílẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń dí àwọn òṣìṣẹ́ òun lọ́wọ́, òun kò bínú. Ohun kan ṣoṣo lòun béèrè, pé kí o padà wá sọ fún òun bí awọ náà ṣe ṣe sí nígbà tí èèyàn wọ̀ ọ́. Ó ní àwọn oníṣòwò tó ń ra awọ lọ́wọ́ òun lọ sí ìhà gúúsù lọ́hùn-ún ti ń dín kù. Ẹni tó bá wá lọ́dún yìí kì í wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. "Mo rò pé ọmọ rẹ á bá mi wá ìdí rẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò mi níbi àfihàn yín, mi ò tún fojú kàn án mọ́." Ó ní bí àwẹ̀ bá ti parí, òun kò ní fún ilé ìwé kankan ní awọ mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní wọ ọgbà òun mọ́.

Mo gba Kara kúrò, ó di ilé rẹ. O kò sí nílé, ìgbà wo lo wà nílé? Èmi ni mo fún Sàfú lọ́rùn títí ó fi sọ̀rọ̀, nítorí náà má bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ó ní prínsípà ti sọ fún ọ pé bí kò bá sí ilé iṣẹ́ kankan tó dúró tì yín kí ilé ìwé tó gba ìsinmi, òun á kó àwọn àga ṣíṣẹ́ padà sínú yàrá náà. Ó tún fi àpò kan hàn mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo tú u wò. Háàbà, Ràímì! Bàtà tí ọ̀já rẹ̀ já, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là bí ẹnu ẹni tó ń yán, bàtà tí awọ rẹ̀ sán. Ti àwọn àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, ti bàbá olùṣọ́ ẹnu géètì yín wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èmi, gbogbo ẹni tí ẹ pín bàtà fún lọ́jọ́ àfihàn ló ti dá a padà, ìwọ sì kó o pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, ìwọ yìí kan náà lo jókòó ní pálọ̀ mi, tí o ń ka ohun tí o fi tapúráítà tẹ̀ fún prínsípà sí mi létí, pé iṣẹ́ bàtà náà kẹ́sẹ járí. Mo pàtẹ́wọ́ fún ọ! Mo sè àdàlú fún ọ!

Ta lò ń tàn? Alájì tó ni awọ? Prínsípà tí àwọn olùkọ́ yín wọ bàtà náà níwájú rẹ̀? Àbí èmi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló wà nínú rẹ̀?

Ó dáa. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, ìbínú sì ni mo fi ń gbà ọ́ nímọ̀ràn o, mi ò ní tàn ọ́.

Ìkíní. Ta ló kọ́ ọ pé èèyàn máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kó má padà lọ sọ pé "ẹ ṣé àná"? Kì í ṣe èmi. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tí wọ́n bá fún ní iṣu lálẹ́ kò gbọdọ̀ tíì bọ́jú láàárọ̀ kó tó lọ kí ẹni tó fún un. Ìyá mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹsẹ̀ wa bóyá a ti lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ ṣé àná. Ibẹ̀ ni olóore ti ń gbọ́ bí oore òun ṣe rìn. Wàá ní, "Ẹ ṣé àná, iṣu yẹn dùn." Tàbí kí o ní, "Ẹ ṣé àná, ó korò díẹ̀ níbi orí o." Ẹni tó fún ọ á lọ yẹ iṣu tó kù nínú àká rẹ̀ wò. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì gígùn tí ẹ̀yin ń sọ, pé kí ilé ìwé máa kó àbájáde ìwádìí padà fún ilé iṣẹ́, ẹ ṣé àná ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O lọ sí ilé ìwé títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hu ewú, o lọ kọ́ ohun tí ìyá ìyá rẹ ń ṣe kó tó run orín láàárọ̀, o dé, o kò tún wá ṣe é!

O gba awọ lọ́wọ́ Alájì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. O gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. O rò pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni pé inú rẹ̀ dùn. Ọmọ Yorùbá tó bá bínú á sọ̀rọ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí a wà lọ́dọ̀ wọn yìí, bí wọ́n bá bínú, ìkíni wọn ni wàá ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ tí a bí síhìn-ín kò yẹ kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìyẹn.

Ìkejì, òun gan-an ló yẹ kó ṣíwájú. Yàrá ìwádìí tí nǹkan kì í ti bàjẹ́ níbẹ̀, yàrá àlejò ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọdé tíṣà ní ilé ìwé àwọn obìnrin, wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wá fún kíláàsì mi. Mo fẹ́ràn wọn bí ẹni fẹ́ràn ìkókó. Mo ṣe aṣọ ìbora sí wọn lórí, mo kó òdòdó sí i lára, mo ti ilẹ̀kùn pa. Bí alábẹ̀wò bá dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, mo máa ṣí i, wọ́n á ní, "Ó mà mọ́ o!" Orí mi á wú. Nígbà tí àwọn ọmọ náà jáde, tí wọ́n lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ ilé ìwé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ibi tí òwú ń gbà wọ inú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ dá wọn padà, ó béèrè ta ni tíṣà wọn. Orúkọ mi ni wọ́n dá. Àwọn ẹ̀rọ náà ṣì ń dán nígbà náà, àwọn ọmọ ni kò mọ nǹkan kan.

Ògiri yàrá rẹ lẹ́wà. Àwòrán tí ẹ gbé kọ́ síbẹ̀ lẹ́wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo wò yíká, mi ò rí ohun kan tó fọ́, mi ò rí ohun kan tó ya, tí ẹ kọ ìdí tó fi ya sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó yẹ kó wà lórí tábìlì níbẹ̀ wà nínú àpò nílé rẹ. Kó àpò náà lọ. Tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ibi tó rìn dé, ohun tó tẹ̀, bóyá ó fi wọ inú omi, bóyá ó sá a sóòrùn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. O ti di àgbà, Àkànní, wo ẹ̀yìn rẹ kí o rí ohun tó gbé ọ ṣubú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, Hárúnà, ń dùn mí o. Ṣé o rò pé mi ò rí yín lọ́jọ́ àfihàn? Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ni, ọmọ Gidan Igwai ni, ó sún mọ́ ọ, ó rọra ní, "Sà, ọ̀já tí mo rán yìí, kò dá mi lójú." Kí lo sọ fún un? "Má sọ ìyẹn níwájú àlejò." Mo wà lẹ́yìn yín, mò ń mu kunu, mo gbọ́ ọ. Ọmọ náà dákẹ́. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ dákẹ́ pẹ̀lú, láti ọjọ́ yẹn kò sì sí ẹni tó tún máa sọ fún ọ pé nǹkan kan kò dá òun lójú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bá ọ ṣe ìwádìí nínú gbogbo wọn, ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́. Pè é. Sọ fún un níwájú kíláàsì pé òótọ́ ló sọ. Kò ní pa ọ́. Olùkọ́ tó bá sọ pé "mo ṣì í" kì í wó lulẹ̀.

Ìkẹta ni mo wà àbí ìkẹrin, mo ti gbàgbé, o ti mú mi gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lo ohun tí wọ́n bá ṣe kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn. Abẹ́ fáànù ni ẹ jókòó sí, ẹ ń ya bàtà tí wọ́n máa wọ̀ nínú iyanrìn gbígbóná. Ẹni tó bá ya sálúbàtà, kó wọ̀ ọ́ láti ilé ìwé dé Kara, kó rìn láàárín màlúù àti àgbò, kó wọ̀ ọ́ padà, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí wàá fi rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Kí wọ́n má gun alùpùpù àchàbà o! Mo mọ àwọn ọmọ òde òní. Bó bá sì já lọ́nà, kí wọ́n gbé e wá bó ṣe já. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀ já lẹ́sẹ̀ tiwọn, kò ní já lẹ́sẹ̀ ìyá olùkọ́ wọn níwájú ẹni tó ni awọ.

Òmíràn ni pé nígbà tí o bá dé ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí o tó sọ tìrẹ. Ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sílé Alájì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ń dà bí omi ẹ̀rọ. O sọ ti ètò rẹ, o sọ ti ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí o ti kàwé, o sọ ti bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ṣe nílò awọ. Ọkùnrin náà yán, o kò rí i. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, o ní, "Ìyá, kí ló dé?" níwájú rẹ̀! Bí o bá ti bi í pé, "Alájì, kí ló ń dùn yín nínú iṣẹ́ yìí?" ọjọ́ yẹn gan-an ni ìbá ti sọ ti àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń sá, ìwọ ìbá sì ti mọ ohun tí yàrá rẹ wà fún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àrùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀, àwòrán bàtà ọlọ́já méje tó wà lórí ògiri yín ni làpálàpá.

Mo ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi kó òdòdó sára aṣọ ìrọ̀rí, aláwọ̀ oríṣiríṣi, a gbé e lọ sí ọsibítù pé kí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ wa. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì wò ó, ó ju ọ̀kan sínú omi gbígbóná níṣojú wa. Gbogbo àwọ̀ òdòdó náà ṣàn jáde. Ó ní, "Aṣọ tí a lè sè ni mo ń wá, tíṣà." Kò bínú, ọ̀nà ló fi hàn mí yẹn. Èmi ni mo bínú. Mo kó ìrọ̀rí mi, mo ń kùn lọ, mi ò sì padà lọ béèrè irú òwú tó máa gba omi gbígbóná. Ibòmíràn ni wọ́n ti wá rí ẹni tó bá wọn rán aṣọ wọn, gbogbo àwọn ọmọ mi ìbá ti rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìgbà yẹn mo pè é ní ìgbéraga nọ́ọ̀sì. Ìgbéraga mi ni. Mi ò bí ọ kí o tún wá jogún ìyẹn, ohun mìíràn wà nílé wa tí o lè jogún.

Mo gbọ́ ohun tí o máa sọ. O máa ní, "Ìyá, bí mo bá fi bàtà jíjá han Alájì, á rò pé mò ń sọ pé awọ òun kò dára. Bí mo bá fi han prínsípà, á ní mi ò mọ iṣẹ́." Ràímì, ta ló sọ fún ọ pé awọ ni kò dára? Èmi ò mọ̀ bóyá awọ ni, èmi ò mọ̀ bóyá òwú ni, tàbí gọ́ọ̀mù, tàbí ọwọ́ ẹni tó rán an. Alájì kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo yín ní ohun kan tí ẹ kò mọ̀, tí ó sì ṣe pàtàkì fún gbogbo yín. Kí ni wọ́n tún ń fi yàrá ìwádìí ṣe? Ká ní gbogbo bàtà náà pé láìjá, kí ni Alájì máa fi ọ́ ṣe? Á ní ẹ ṣeun, á wá ẹni tó ń rán bàtà tí owó rẹ̀ kéré sí tìrẹ.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Mo bí ọ, mo mọ bí ojú ṣe máa ń tì ọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá fọ́ àwo, o máa ń kó o sábẹ́ ibùsùn, ẹsẹ̀ tìrẹ gan-an náà ló máa ń tẹ àfọ́kù yẹn. Mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń dì í, mi ò sì nà ọ́, torí pé ìyà náà ti tó. Bó ṣe rí lára mi nìyí nígbà tí mo rí àpò yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà mo jókòó lórí àga ìdáná Sàfú, àánú rẹ ṣe mí. Ọmọ mi ń dá nìkan gbé àpò bàtà jíjá, ìlú tó kún fún èèyàn ló sì wà. Ṣùgbọ́n àánú kò ní kí n má bá ọ wí. Bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ, inú kì bá máa bí mi tó báyìí, ǹ bá ti lọ sùn.

Ohun tí wàá ṣe nìyí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ "ẹ jẹ́ kí n rò ó." Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, gbé àpò náà, mú Hárúnà dání, má mú fọ́tò, má mú ìwé títẹ̀. Lọ láàárọ̀ kí ooru tó mú. Kí Alájì bó ṣe yẹ, béèrè ilé, béèrè àárẹ̀, má kánjú, bọ́ aago yẹn sílẹ̀ nílé. Sọ fún un pé, "Ẹ ṣé àná, Alájì. Ó pẹ́ kí n tó wá, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, tú àpò náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì dákẹ́. Jẹ́ kó fọwọ́ kàn wọ́n. Jẹ́ kó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bó bá bínú, gbọ́ ọ tán. Bó bá béèrè ohun tó fa èyí, sọ fún un pé o kò tíì mọ̀, pé ìdí tí o fi wá nìyẹn. Kúrò níbẹ̀, gba ọ̀dọ̀ prínsípà lọ, sọ ohun kan náà fún un, kí o gba ìwé tí o kọ́kọ́ tẹ̀ fún un yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé Alájì á gbà. Ó lè ti ilẹ̀kùn. Bó bá tì í, àga ṣíṣẹ́ á padà sí yàrá rẹ, á dùn mí, mo máa bá ọ sunkún. Ṣùgbọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó sòótọ́ fún un, ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè padà lọ kan ilẹ̀kùn náà.

Sàfú ló máa gbé lẹ́tà yìí fún ọ pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù kan. Sálúbàtà mi ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ti ọ̀tún ni èyí tó já. Má nù ún. Má rán an. Iyanrìn Kara wà nínú rẹ̀, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Okùn àgbò ló wà lára rẹ̀ yẹn, má tú u. Ti òsì ńkọ́? Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Àkànní. Mo wọ̀ wọ́n pọ̀ ni, ọjọ́ kan náà ni mo fi àwọn méjèèjì rìn, ẹsẹ̀ èèyàn kan náà ni, awọ Alájì kan náà ni. Ti òsì kò ṣe nǹkan kan. Bóyá ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bàtà ilé tó ti gbó ni mò ń wọ̀ báyìí, mi ò sì ní ra òmíràn títí ẹ ó fi ṣe èyí tó máa gbé mi dé Kara tó máa gbé mi dé ilé. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹnu tí wàá fi sọ ọ́ àti etí tí wàá fi gbọ́. Nígbà tí mo bá tún pàdé Alájì Danládì, mo mọ̀ pé á béèrè àárẹ̀ lọ́wọ́ mi, á béèrè ooru, á béèrè Sàfú, á béèrè ewúrẹ́. Mo máa dúró tì í nínú oòrùn títí yóò fi parí. Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Mabera.